Kí n tó fojú rí gòjé

Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi ta kásẹ́ẹ̀tì Yusuf Ọlátúnjí, olórin sákárà, ní Òmídà, l'Abẹ́òkúta, kí n tó fojú ara mi rí gòjé, ohun èlò olókùn tó máa ń ké nínú orin rẹ̀. Mo mọ orúkọ rẹ̀. Mo mọ ibi tó ti máa ń wọlé nínú orin kọ̀ọ̀kan. Bí oníbàárà bá ní èyí tí gòjé ti ń ké ní ìbẹ̀rẹ̀ lòun ń wá, ọwọ́ mi á ti nà sí i lórí pẹpẹ kó tó sọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n ká ní ẹnì kan sọ pé kí n yàwòrán gòjé sílẹ̀, mi ò ní mọ ibi tí mo máa ti bẹ̀rẹ̀. Mò ń kọ èyí fún àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù orin, àti fún ẹni tó bá ń ronú àtikó àwọn onílù jọ síwájú ilé rẹ̀, kí wọ́n má baà ná owó àti àlàáfíà tí mo ná.

Ọkọ mi ló dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀ ní 1991. Kásẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ọjà wa nígbà náà: Àyìnlá Ọmọwúrà, Harúnà Ìṣọ̀lá, Yusuf Ọlátúnjí tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá L'Ẹ́gbàá, Ebenezer Obey, Àyìndé Barrister. Bàbá L'Ẹ́gbàá ti kú ní 1978, Àyìnlá kú ní 1980, Harúnà kú ní 1983. Wọ́n ti lọ kí ọkọ mi tó ṣílẹ̀kùn, síbẹ̀ orin wọn ló bọ́ àwọn ọmọ wa, òun ló san owó ilé ìwé wọn. Ọkọ mi náà lọ ní 2012. Èmi tí mo máa ń jókòó tì í, tí mò ń gba owó, tí mò ń fún èèyàn ní ṣéńjì, èmi ni mo wá di ẹni tó ń dá ọjà rà.

Ní 2013, mo yá ₦250,000 lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa, mo gba Alábà l'Ékòó lọ, mo fi gbogbo rẹ̀ ra síídì. Èrò mi ni pé tí ọjà bá kún orí pẹpẹ, èrò á kún ìdí rẹ̀. Mi ò wo òdìkejì títì. Ọmọkùnrin kan ti gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì níbẹ̀, ó ń da orin sínú mẹ́mórì fóònù, ọgbọ̀n orin ní ₦200. Iye kan náà ni mò ń ta síídì kan, orin mẹ́fà ló sì wà nínú rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi san gbèsè yẹn. Páálí síídì méjì ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi dòní.

Mo kórìíra ọmọkùnrin yẹn, bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀ mí. Àwọn oníbàárà mi ti ń bi mí láti bí ọdún méjì sẹ́yìn pé, "Màámi, ṣé ẹ lè bá wa dà á sí fóònù?" Mo máa ń rẹ́rìn-ín, màá ní síídì ló dáa jù. Tí èèyàn mẹ́ta bá béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ rẹ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tí o ò sì ní in, kọ ọ́ sílẹ̀. Ká ní mo kọ ọ́ sílẹ̀ ni, mi ò bá má jẹ gbèsè.

Bí ọjà ṣe ń kú lọ ni mò ń gbé ohùn sókè. Mo gbé sípíkà méjì tó ga tó èjìká mi sẹ́nu ọ̀nà, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ di ìgbà tí mo bá tilẹ̀kùn. Obìnrin oníkẹ́mísì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní tí òun bá ń sọ fún èèyàn bí yóò ṣe lo oògùn, àfi kóun tẹnu bọ̀ ọ́ létí. Ọ̀rọ̀ oògùn kì í ṣe ohun téèyàn ń ṣì gbọ́. Èsì tí mo fún un ni pé ẹni tó ń ta orin ò lè máa ṣe jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, kò kí mi mọ́. Ọdún mẹ́rin la fi ń ṣílẹ̀kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa láràárọ̀, tí ẹnì kan ò sọ pé ẹ káàárọ̀. Àwa tí wọ́n kọ́ láti kékeré pé kéèyàn má ré ẹni tó ń ta ẹ̀kọ lójú ọ̀nà kọjá láìkí i! Etí mi ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í hó lálaalẹ́ bí ìkòkò tó wà lórí iná. Ó ṣì ń hó bí mo ṣe ń kọ èyí.

Nígbà tó di 2017, mo fi síídì sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohun èlò orin. Gìtá mẹ́fà, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo, àti ìlù sákárà méjì tí mo rà torí ẹwà. Mo so gbogbo wọn kọ́ síta níbi tí àwọn tó ń kọjá á ti rí wọn. Iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ni oòrùn ọ̀sán ń kojú sí.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ta gìtá, ẹ dákun, ẹ fetí sí èyí. Gìtá olówó pọ́ọ́kú kì í ṣe nǹkan kan ju pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Oòrùn á rọ gọ́ọ̀mù náà, okùn tó ti le á máa fa ọrùn gìtá títí á fi tẹ̀, okùn á wá jìnnà sí pákó débi pé ìka ẹni tó ń kọ́ ọ á máa bó. Bí ọyẹ́ bá dé, afẹ́fẹ́ á fa gbogbo omi ara igi, ara gìtá á là. Inú ilé ni ibi tiwọn, lára ògiri tí oòrùn kì í kàn, kí ẹ sì dẹ okùn wọn díẹ̀ tí wọn ò bá tíì rí ẹni rà wọ́n. Nígbà ọyẹ́, mo máa ń gbé abọ́ omi sí àárín wọn. Ti ìlù awọ yàtọ̀ síyẹn: òjò ló ń bà á jẹ́, torí awọ á mumi, á dẹ̀, ohùn rẹ̀ á sọ̀. Ẹ sá a sóòrùn fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ sì tètè ká a.

Gbogbo èyí ni mi ò mọ̀ nígbà tí mo ta gìtá kan fún ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan. Ìyá rẹ̀ ń ta láfún ní Kútọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló san owó náà, ₦18,000. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, tìyá tọmọ gbé gìtá náà padà wá. Ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀. Mo kàn nàka sí páálí tí ọkọ mi kọ mọ́ ògiri, pé ọjà tí a bá tà, a kì í gbà á padà. Mo mọ̀ nínú ara mi pé oòrùn tèmi ló tẹ̀ ẹ́. Obìnrin náà ò jà. Ó ní, "Ẹ ṣeun, mà," ó gbé gìtá náà, wọ́n lọ. Ọmọ yẹn ò wo ojú mi. Lẹ́yìn ọdún méjì, mo lọ wá wọn ní Kútọ̀, wọ́n ní wọ́n ti kó lọ sí Ṣàgámù. Owó wọn wà nínú àpò ìwé kan nínú dúrọ́ọ̀ mi. Tí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn wọ́n lára, kí wọ́n mọ̀ pé mi ò gbàgbé.

Ọjọ́ Sunday kan ní oṣù kẹwàá 2018, sípíkà mi kan ti jó, èkejì wà lọ́dọ̀ atúnṣe. Bàbá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ń kọjá lọ, ó dúró níwájú sákárà tí mo so kọ́. Ó ní ṣé òun lè fọwọ́ kàn án. Ó ti àtàǹpàkò òsì bọ okùn rẹ̀, ó fi àwọn ìka yòókù tẹ awọ láti inú, ó fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ lù ú. Ó gbọ́ ọ, ó mi orí.

"Ìyàwó, oòrùn lo fi í sí."

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fi ọwọ́ tútù nu ojú awọ náà, ó dúró díẹ̀, ó tún un lù. Lọ́tẹ̀ yìí, ó sọ̀rọ̀. Obìnrin tó ń ta ata níwájú mi tó ń ka owó lọ́wọ́ dúró, ó ní, "Bàbá, ta lẹ ń pè yẹn?" Bàbá fi ìlù dá a lóhùn, obìnrin náà pariwo, ó kúnlẹ̀. Oríkì àwọn èèyàn rẹ̀ ni. Bàbá ti gbọ́ àdúgbò tó ti wá nínú ohùn rẹ̀.

Sunday tó tẹ̀ lé e, Bàbá mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì wá. Ọ̀kan fa nǹkan jáde nínú àpò ìrẹsì. Igbá kékeré ni, wọ́n fi awọ bo ojú rẹ̀, okùn kan ṣoṣo ló ta kọjá lórí rẹ̀, irun ìrù ẹṣin. Irun ẹṣin náà ló wà lára ọrun tó fi ń fà á. Ó fi oje igi gbígbẹ ra ọrun náà, ó fà á lẹ́ẹ̀kan. Mo dìde lórí àpótí tí mo jókòó lé. Ohun tí mò ń gbọ́ láti 1991 ni, ṣùgbọ́n mo wá ń gbọ́ bí irun ṣe ń ha irun. Mò ń gbọ́ èémí ọkùnrin náà nímú kó tó yí ọrun padà. Ọ̀rẹ́ kejì, ẹni tó ń fi igbá ṣe ìlù, wọ òrùka sọ́wọ́, òrùka ní ohùn tirẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ ní tirẹ̀, sípíkà ò jẹ́ kí n mọ̀ rí pé méjì ni wọ́n. Ọkọ mi ni mò ń rò. Ọkùnrin tó fẹ́ràn orin yìí débi tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ tà á, kò jókòó tì í báyìí rí. Nínú kásẹ́ẹ̀tì lòun náà ti mọ̀ ọ́n.

A ò pé mẹ́wàá lọ́jọ́ yẹn. Mi ò ta nǹkan kan. Mo sùn dáadáa.

Bí ìjókòó wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, láti ẹ̀yìn ìrun Alásárì títí wọn á fi pe Màgàríbì. Tí ládàánì bá ti gbóhùn sókè, ìlù á dákẹ́, kódà bí orin ò bá tíì parí. Ọdún kan la fi kọ́ bí èèyàn ṣe ń tò. Abẹ́ máńgòrò la kọ́kọ́ fi wọ́n sí, torí ibòji, ṣùgbọ́n ohùn ń tú ká níbẹ̀, ẹni tó bá ti wà ní ìlà kẹta, ohùn kẹ̀kẹ́ Márúwá ló ń gbọ́. A gbé wọn wá sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n kẹ̀yìn sí ògiri búlọ́ọ̀kù, àwa sì yí wọn ká bí òṣùpá ọjọ́ mẹ́ta. Ògiri náà ń gbé ohùn wọn padà bọ̀ sọ́dọ̀ wa. Ọgbọ̀n èèyàn ni òṣùwọ̀n wa. Tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tó wà lẹ́yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, torí wọn ò gbọ́ tán, ọ̀rọ̀ wọn ò sì ní jẹ́ kí àwọn tó wà níwájú wọn gbọ́. Bí èrò bá pọ̀, ẹ má gbé ohùn sókè, ẹ ní kí wọ́n tún un kọ lẹ́ẹ̀kejì fún àwọn tó kù.

Mo ṣe àwọn onílù náà níbi. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ni mò ń fún wọn, mo rò pé ó tó. Àwọn tó ń gbọ́ ń náwó fún wọn, bí a ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n iwájú orí ẹni tó ń lé orin ni gbogbo èèyàn ń lẹ owó mọ́. Ọkùnrin onígòjé máa ń fẹsẹ̀ rìn láti Láfẹnwá, wọn á fún un ní díẹ̀díẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ọjọ́ kan ni wọ́n fẹ́ jà níwájú gbogbo èèyàn, tí n bá sì sọ òótọ́, èmi ni mo dá ìjà náà sílẹ̀. Láti ìgbà náà, owó ọkọ̀ olúkúlùkù ti wà lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó dé, bóyá mo tajà bóyá mi ò tà. Gbogbo owó tí èèyàn bá ná, inú igbá kan tó wà láàárín ló ń lọ, a ó kà á lójú gbogbo wa, wọ́n á pín in dọ́gba. Mi ò sí nínú pípín náà.

Oṣù Kejìlá 2019 ni mo tún ṣìṣe. Àwọn kan ní kí n sọ ọ́ di ńlá. Mo gba kánópì mẹ́rin, sípíkà, jẹnẹrétọ̀, alága ìdúró. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦180,000, owó iyán ọdún wa wà nínú rẹ̀. Èrò kún títí dé ojú títì. Bí wọ́n ṣe ní kí Bàbá bẹ̀rẹ̀, makirofóònù han gooro, gòjé ń han bí ẹyẹ tí wọ́n há mọ́ ẹnu ọ̀nà. Jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn wọn. Bàbá gbé orin, ó sọ ọ́ nù, ó tún un gbé. Kò ṣẹlẹ̀ sí i lójú mi rí. Àwọn ọ̀dọ́ ń rẹ́rìn-ín. Kí a tó dé ìdajì, alága ìdúró ti ní kí wọ́n fi orin fóònù sí i. Oníkẹ́mísì ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa ní ọ̀sán yẹn, ó lọ sílé.

Oṣù méjì gbáko, Bàbá ò yà. Mo gbé orógbó àti obì lọ bá a nílé. Mo rò pé ìtìjú ló mú un bínú. Ó ní rárá.

"Mi ò gbọ́ gòjé. Bí mi ò bá gbọ́ gòjé, ibo ni kí n gbé ohùn lé?"

Gbólóhùn yìí ni mo fi ń ṣe gbogbo nǹkan báyìí. Mo ti fi ọjọ́ mẹ́wàá ronú bí àwọn tó ń wòran á ṣe gbọ́, mi ò bi ara mi lẹ́ẹ̀kan bóyá àwọn tó ń ṣeré á gbọ́ ara wọn. Ẹni tó bá fẹ́ gba olórin lálejò, kó kọ́kọ́ jókòó síbi tí wọ́n máa jókòó sí, kó dijú, kó gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀: fáànù, fíríìjì, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò. Èyí tó bá ṣeé pa, kó pa á.

Bí mo ṣe ń bọ̀ láti ilé Bàbá, mo yà sọ́dọ̀ oníkẹ́mísì. Mo bẹ̀ ẹ́ nítorí oṣù Kejìlá, mo sì bẹ̀ ẹ́ nítorí ọdún mẹ́rin. Ó ń to oògùn. Ó ní, "Mo ti gbọ́." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní ẹ káàárọ̀.

Kété lẹ́yìn ìyẹn ni kòrónà dé, ìjọba ti gbogbo ìpínlẹ̀ Ògùn pa ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin 2020. A ò jókòó pọ̀ títí ọdún náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Ní 2021, fíìmù tí Túndé Kèlání ṣe nípa Àyìnlá jáde, àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́dọ̀ mi. Àwọn tí mo rò pé orin bàbá àgbà ni wọ́n ń pe èyí. Wọ́n ń béèrè bóyá àwọn lè fọwọ́ kan ìlù. Àmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Lóòótọ́, amọ̀ sísun ni wọ́n fi ń ṣe òrùka sákárà, bó bá bọ́ lulẹ̀, bí ìkòkò ló ṣe ń fọ́, mo sì ti sọ méjì nù báyẹn. Mo wá so wọ́n kọ́ sísàlẹ̀, mo tẹ́ ẹní sábẹ́ wọn. Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ ní àdúgbò wa ló mọ igbá lù jù nínú wọn báyìí, òrùka ìránṣọ rẹ̀ ló sì fi ń lù ú.

Bàbá papò dà ní 2022, lẹ́yìn àìsàn ọ̀sẹ̀ méjì. Fídíò mẹ́ta ni mo ní, èyí tó gùn jù nínú wọn ò pé ìṣẹ́jú méjì, wọ́n sì dún gbà-gbà-gbà torí mo di fóònù mú níwájú ìlù. Ọdún mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tó fi ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ títa ohùn àwọn tó ti lọ, mi ò tọ́jú ohùn ẹni tó wà níwájú mi. Mo rò pé a ṣì wà pọ̀. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọrọ ààyè. Ẹ gbé fóònù náà sórí aṣọ tí ẹ ká ní ìṣẹ́po, kí ó jìnnà sí ìlù tó ìgbésẹ̀ mẹ́ta, kó sì súnmọ́ gòjé jù, torí gòjé ni ìlù máa ń bò mọ́lẹ̀. Ẹ béèrè orúkọ orin, ẹ béèrè ta ló kọ́ wọn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Èyí tí mi ò kọ ló ń jẹ mí lọ́kàn ju gbèsè síídì lọ.

Nígbà tí owó epo bẹtiróòlù fò sókè ní oṣù karùn-ún 2023, tó kúrò ní nǹkan bí ₦190 tó lọ sí ₦500, ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń ṣe fàájì ní àdúgbò wa dákẹ́ lálẹ́. Tiwa ò yí padà. A kì í ra epo fún ìjókòó wa. Ọjà mi ò pọ̀: okùn gìtá ló ń tà jù, lẹ́yìn náà ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, sákárà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ń san owó ṣọ́ọ̀bù, ó ń san owó ọkọ̀ wọn.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òjò ká wa mọ́ bí a ṣe bẹ̀rẹ̀. Òjò lórí páànù, kò sí ìlù tó lè bá a jà, ẹ má dán an wò. A sá wọlé, èèyàn mẹ́tàlélógún láàárín pẹpẹ àti gìtá, orúnkún kan orúnkún, onígòjé gbé ohun èlò rẹ̀ sábẹ́ agbádá kí omi má baà kàn án. A kàn jókòó, à ń gbọ́ òjò. Ẹnì kan ń kùn orin Bàbá sínú. Nígbà tí òjò wá fúyẹ́, onígòjé fa ọrun lẹ́ẹ̀kan láti wò bóyá irun ti mumi. Ilẹ̀kùn ṣí, oníkẹ́mísì wọlé tòun ti àpótí ìjókòó rẹ̀ lọ́wọ́, ó wo gbogbo wa, kò sí àyè. Ó gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ẹ sún díẹ̀," ó ní. "Mi ò rí i níbẹ̀ yẹn."